Sí ẹ̀yin tí aṣọ yín ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ ní Bẹẹrẹ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àtàbúrò tí ẹ gbé aṣọ fún Bàbá wa tí ẹ ò tíì wá gbà á,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Púpọ̀ nínú yín ò mọ̀ mí lórúkọ, àmọ́ tí ẹ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá rí láàárín 1998 sí bíi 2008, ẹ máa rántí ọmọbìnrin kékeré kan tó máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, tó máa ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo mílíìkì. Èmi nìyẹn, ọmọ ọmọ Bàbá. Ìyá mi ni Bàbá máa ń pè mí, torí wọ́n ní mo jọ ìyá tó bí wọn.

Ẹni tí ò bá tíì gbọ́, Bàbá ti lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún yìí ni, lórí bẹ́ẹ̀dì ara wọn, ẹni ọdún 87, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la sì sin wọ́n. Àwọn tó wá síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ pọ̀ débi pé kánópì tí a háyà ò gba èèyàn mọ́, ẹlòmíì dúró sínú oòrùn títí àdúà fi parí. Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ san án fún yín.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ni pé àwọn tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà ti tà á, ẹni tó rà á sì fẹ́ wó o. A ò bá ẹnikẹ́ni jà, ohun ìní wọn ni. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fún wa. A ti kó máṣíìnì, a ti kó tábìlì, a ti yọ dígí ńlá tó wà lára ògiri yẹn tí gbogbo yín máa ń dúró síwájú ẹ̀. Aṣọ yín ló kù. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ Bàbá tó kẹ́yìn la jọ kà á, ó jẹ́ 41. Wọ́n ti rán gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú náílọ́ọ̀nù tiẹ̀ pẹ̀lú káńfọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òmíì ti wà níbẹ̀ láti Iléyá èṣín, òmíì ti lé lógún ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbà á.

Mo mọ̀ pé gbèsè ló lé àwọn kan nínú yín sá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kó yé yín: ẹ ò jẹ wá ní kọ́bọ̀. Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́ lóṣù tó ṣáájú èyí tí wọ́n kú, wọ́n ní ẹni tó bá wá, kí wọ́n gbé aṣọ ẹ̀ fún un, kí wọ́n má bi í ní owó kankan, torí ẹni tí ojú ń tì kò ní lè wá, aṣọ yẹn á sì ṣòfò. Ẹ wá láìbẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí Bàbá ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀, torí òun la máa fi mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Bàbá ò lọ ilé ìwé. Ilé kéwú ni wọ́n lọ n'Ísẹ́yìn, nínú ìwé òyìnbó nọ́ńbà nìkan ni wọ́n mọ̀ kọ. Ìwé wọn, àwọn ìwé gbọọrọ eléèpo líle tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ gbèsè yẹn, ó jẹ́ mọ́kànlá, mo sì ti ṣí gbogbo ẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tí ẹ bá ti dé, Bàbá á wọ̀n yín, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀: èjìká, àyà, apá, gígùn, ìbàdí. Lẹ́yìn náà wọ́n á gé fínńfín níbi etí aṣọ tí ẹ gbé wá, kò ní ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n á fi òwú gán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà yẹn. Àjákù yẹn lorúkọ yín. Ìgbàkigbà tí ẹ bá tún gbé òmíì wá, wọ́n á ṣí ojú ewé yín, wọ́n á gán tuntun sí abẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò ṣi ojú ewé ẹnikẹ́ni ṣí rí lójú mi. Tí ẹ bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán lápá ráúndàbáọ̀tù báyìí, ọwọ́ wọn á ti lọ sórí ìwé.

Ẹ ò mọ bí ìwé yẹn ṣe rí. Ilé kan wà níbẹ̀ tí ojú ewé wọn kún mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí gínì àwọ̀ ewé kan, nọ́ńbà ọkùnrin tó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní láti jẹ́ pé ọ̀dọ́ ni nígbà yẹn. Léèsì funfun ló tẹ̀ lé e, òun àti nọ́ńbà obìnrin kan, èmi rò pé ìgbéyàwó nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn la wá rí yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé, aláwọ̀ búlúù, ẹ̀ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí gígùn ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ibi tó parí sí, aṣọ dúdú. Inú ìwé kẹta, láàárín ojú ewé kan náà, owó tí wọ́n kọ kúrò ní pọ́n-ùn àti ṣílè, ó di náírà àti kọ́bọ̀, torí 1973 ti dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, mo ń fọwọ́ pa àwọn àjákù yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lórí.

Téèpù Bàbá náà wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà 1 dé 7 ti pa rẹ́ lára ẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò wọn máa ń dì mú nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ lórí. Ohun tí téèpù yẹn sọ fún Bàbá pọ̀ ju ti aṣọ lọ. Bọ̀dá kan wà tó ń wa Máíkírà láti Bẹẹrẹ lọ Mọ̀kọ́lá, ìbàdí ẹ̀ jẹ́ 38 lọ́dún kan, ó di 40 lọ́dún kejì, ọdún kẹta ló gbé àńkárá wá pé kí wọ́n bá òun rán an fún Ìtúnu, Bàbá fi téèpù yí i, ó jẹ́ 35. Wọ́n tún un wọ̀n. Wọn ò wí nǹkan kan, wọ́n kàn gbé téèpù kọ́ ọrùn, wọ́n ní kí n lọ ra omi tútù wá. Ìgbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti rọra jókòó tì í, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi í léèrè pé ẹ̀ẹ̀mélòó ló ń dìde tọ̀ lóru. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló lọ ọsibítù, ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n bá lára ẹ̀. Ó wá síbi fídáù. Ó gbé mínírà páálí mẹ́fà wá, ó sì sọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi, ó ní Bàbá Télọ̀ ló tètè rí ikú òun.

Nípa àdéhùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé télọ̀ kì í mú àdéhùn ṣẹ, Bàbá sì kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn dé gongo. Tí ààwẹ̀ bá ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn ò ní gba aṣọ Ìtúnu mọ́, ìbáà ṣe ọba ló gbé e wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbà á, wọ́n ń gbowó sílẹ̀, wọ́n á wá máa sá fún èèyàn lọ́jọ́ ọdún kù ọ̀la, Bàbá ní àwọn ò lè fi àárọ̀ ọdún sunkún ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, máa ń bínú torí owó tó ń kọjá lọ. Iná NEPA ò sì lè dá wọn dúró, máṣíìnì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni títí dọ́jọ́ ikú, áyọ́ọ̀nù eléèdú ló sì ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ tuntun, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èédú ló máa fẹ́, ilẹ̀ ló máa gbá, bọ́tìnnì ló máa gán. Orí ìwé sìmẹ́ńtì ló ti máa kọ́ gígé kó tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Mi ò lè ka iye àwọn tó gba fúrídọ̀ọ̀mù lábẹ́ Bàbá, àmọ́ mo mọ̀ pé èyí tó wà lápá Challenge báyìí ti ní ọmọ iṣẹ́ tó ju ti Bàbá lọ, máṣíìnì oníná ló sì ń lò.

Ohun tó wù mí kí n sọ gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Àwọn tó ti dàgbà nínú yín mọ̀ pé Bẹẹrẹ kọ́ ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ìlú aláṣọ òkè, òfì ni bàbá tó bí wọn ń hun, àmọ́ rírán ló wu àwọn, ìyẹn ló gbé wọn wá sí Ìbàdàn. Ọdún tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, 1959, ni wọ́n gba fúrídọ̀ọ̀mù. Báyẹn ni Bàbá ṣe máa ń ka ọdún: ẹ̀gbọ́n màmá mi àgbà, ọdún tí wọ́n kọ́ Cocoa House tán ni wọ́n bí i, ìyẹn 1965, màmá mi, ọdún tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, 1972. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́kọ́ gbà wà lápá Agbeni, létí odò Ògùnpa. Ọjà ń lọ níbẹ̀ gan-an. Tí àsìkò kòkó bá ti dé, àwọn àgbẹ̀ láti Ìkirè àti Àpòmù á wọ̀lú, wọ́n á ra aṣọ ní Gbági, wọ́n á gbé e wá kí Bàbá rán an ní agbádá.

Ó wá di ọjọ́ Sunday, 31 oṣù kẹjọ, 1980. Omíyalé. Òjò yẹn ò dá, odò Ògùnpa tí wọ́n ti kọ́lé dí lọ́nà, tí ìdọ̀tí ti kún inú ẹ̀, kò rí ibi gbà, ó bá gba ìgboro. Òkú tí wọ́n ṣà lé ní igba. Ilé tí Bàbá ń gbé wà lókè lọ́hùn-ún ní Òkè Àrẹ̀mọ, omi ò dé ibẹ̀. Ìgbà tí omi fà tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Agbeni, kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìpìlẹ̀ ló kù. Máṣíìnì kan ni wọ́n rí, ó há sábẹ́ ògiri tó wó, òun náà ni ẹ mọ̀ ní Bẹẹrẹ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan dógùn-ún yẹn.

Aṣọ oníbàárà 63 ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí omi gbé e.

Kò sẹ́ni tó wá bi Bàbá ní aṣọ o. Ta ló fẹ́ béèrè aṣọ nígbà tí wọ́n ń wá ọmọ kiri. Gbogbo àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù létí odò yẹn, omi gbé ọjà wọn lọ, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í fi ìwé yẹn sùn ní ṣọ́ọ̀bù, abíyá ni wọ́n máa ń gbé e sí relé lálaalẹ́, ìwé wà nílé. Wọ́n ṣí i, wọ́n ka àjákù aṣọ tí wọn ò tíì gbé fún olúwa ẹ̀, wọ́n sì sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn máa san án padà. Ìyá Àgbà wà láàyè, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn bi Bàbá pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ rọ òjò ni?" Bàbá ní, "Èmi ni wọ́n gbé e fún."

Pùlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo wà tí wọ́n ti rà sápá Ìwó Road, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Wọ́n tà á. Wọ́n á yọ àjákù lára ìwé, wọ́n á mú un lọ sí Gbági, wọ́n á lọ sí Òjé lọ́jọ́ ọjà bó bá jẹ́ aṣọ òkè, wọ́n á nà án síwájú aláṣọ pé ẹ bá mi wá irú eléyìí. Òmíì wọ́n rí i, òmíì ò sí mọ́, wọ́n á ra èyí tó dáa jù ú lọ. Nọ́ńbà wà nínú ìwé, wọ́n á rán an, wọ́n á gbé e lọ sílé ẹni tó ni ín. Ó gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta. Ìyá kan wà tó ti sin ọkọ ẹ̀ lọ́sẹ̀ omi yẹn, Bàbá gbé agbádá tí ọkọ ẹ̀ ní kí wọ́n rán wá fún un ní 1981, obìnrin náà ò lè sọ̀rọ̀, ó kàn dì í mọ́ra. Ọmọ ẹ̀ ló wọ̀ ọ́ níyàwó nígbà tó yá. Bàbá ò kọ́lé títí wọ́n fi kú. Ilé rẹ́ǹtì ni wọ́n kú sí. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú ẹbí ń fi ìyẹn ṣe àbùkù fún wọn, ó dùn mí, mi ò sì ní dákẹ́ lé e mọ́: owó ilé Bàbá wà lọ́rùn yín, ẹ̀yin èèyàn Ìbàdàn, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sóde, ẹ fi sọmọ lórúkọ, ẹ fi gbéyàwó. Wọn ò kábàámọ̀ ẹ̀ lójú mi rí.

Aṣọ 62 ló dé ọwọ́ olówó ẹ̀. Ọ̀kan ò dé. Ó wà lára 41 tí mo ń wí yìí.

Gáùn ọmọdé ni. Àńkárá pupa, ẹyẹ funfun kéékèèké wà lára ẹ̀, ọrùn ẹ̀ ní wọ́nkinwọ̀nkin yíká. Àyà 22, gígùn 19, bí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ohun tí Ìyá Àgbà rántí ni pé obìnrin kan ló gbé aṣọ náà wá láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, òun àti ọmọ náà, ọmọ ń sunkún pé òun ò fẹ́ kí wọ́n fi téèpù kan òun, Bàbá wá fi bọ́tìnnì pupa kan tù ú. Obìnrin náà ní ọjọ́ Monday làwọn máa padà wá gbà á. Oníbàárà tuntun ni, kò sẹ́ni tó mọ ilé wọn. Bàbá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà létí odò, wọ́n béèrè ní Agbeni, wọ́n béèrè ní Àmúnigun, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Bàbá ò mọ̀ bóyá omi ló gbé wọn lọ ni, àbí wọ́n kàn kúrò n'Íbàdàn. Wọ́n rán gáùn náà síbẹ̀síbẹ̀. Ó bá wọn kó lọ sí Bẹẹrẹ, lẹ́yìn Iléyá lọ́dọọdún wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a sí atẹ́gùn, wọ́n á pààrọ̀ náílọ́ọ̀nù àti káńfọ̀ ẹ̀, wọ́n á gbé e padà kọ́ síbi ìṣó tó kángun sí ògiri.

Èmi ò mọ ìtàn ẹ̀ nígbà yẹn. Mo jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí mo rí i, mo ní mo fẹ́ wọ̀ ọ́, mo sunkún, mo yí nílẹ̀. Bàbá gbé mi sórí ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ti ẹnì kan ni, Ìyá mi." Alẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n rán gáùn mìíràn fún mi, wọ́nkinwọ̀nkin wà lọ́rùn ẹ̀ náà, àmọ́ aláwọ̀ yẹ́lò ni. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ti pupa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní 40 tó kù, ẹ máa bọ̀. Sátidé ni mo máa ń wà níbẹ̀, láti aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, ọmọ iṣẹ́ Bàbá máa ń wà níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè Bàbá Télọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Bẹẹrẹ, wọ́n á júwe. Èyí tí a ò bá rí olúwa ẹ̀ títí oṣù kẹsàn-án fi máa parí, a ò ní fi tọrẹ, a ò sì ní tà á, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà la máa kó o lọ.

Ìwọ ọmọ aláńkárá pupa, tí Ọlọ́run bá dá ọ sí, o ti ń súnmọ́ ẹni 50 ọdún báyìí, ó ṣeé ṣe kó o ti ní ọmọ, kí ọmọ ẹ náà ti lè ní ọmọ. O lè máà rántí Agbeni, o lè máà rántí Bàbá. Tí màmá ẹ bá sọ fún ẹ rí pé àwọn gbé aṣọ fún télọ̀ kan létí odò kí omi tó ya, tàbí tí àjákù àńkárá ẹlẹ́yẹ funfun yẹn bá ṣì wà nínú àpótí wọn, mú un wá. Ìwé Bàbá wà lọ́wọ́ mi, ojú ewé yín ni mo sàmì sí.

Èmi ni,
Ọmọ ọmọ Bàbá Télọ̀,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.